Fọ́tò Mẹ́fà Láti Kírìkírì

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa rẹ́rìn-ín pé, "Prọ̀f ti di fótògíráfà." Ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ ìtàn náà ni, ọ̀nà fọ́tò ló kàn gbà wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ṣe akọ̀wé táálì ní Kírìkírì Lighter Terminal fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ akọ̀wé táálì ni pé kó dúró sí etí omi pẹ̀lú ìwé àti bírò, kó máa ka àpò tàbí páálí tó bá bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé wọ́n pé tàbí wọn kò pé. Nígbà tó papòdà, ó fi àpótí páànù kan sílẹ̀, inú rẹ̀ ni a ti rí ẹnfilọ́ọ̀pù kan tó kọ "KLT, 1984" sí lára. Fọ́tò mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, dúdú àti funfun. Bájì ni, omi ni, páànù orí ilé ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń bá wa to ẹrù wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ní: "Dádì kékeré, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó dáa jù, ká da ìyókù nù."

Díẹ̀ ló kù kí n gbà fún un. Lóòótọ́, kréènì tó wà lápá ọ̀tún fọ́tò kìíní náà ló wà lápá òsì fọ́tò kejì. Ilé ìkẹ́rùsí tó parí fọ́tò kejì náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta. Ìgbà tí mo tò wọ́n sórí tábìlì ni ojú mi là. Ẹ̀gbọ́n mi kò ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó dúró lójú kan, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, ó sì ń rí i dájú pé apá kan nínú ohun tó yà tẹ́lẹ̀ tún wọ inú èyí tó kàn. Ibi tó gbòòrò ju ojú kámẹ́rà rẹ̀ lọ ló fẹ́ yà tán.

Kí n tó sọ bí mo ṣe so wọ́n pọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó dúró sí. Láítà tó wà nínú orúkọ Kírìkírì Lighter Terminal kì í ṣe èyí tí à ń fi tan sìgá o. Láítà ni bájì pẹlẹbẹ tí kò jìn nínú omi. Ọkọ̀ ńlá tí kò lè sún mọ́ etí omi, tàbí tí kò ráyè ní wáàfù, á dúró lókèèrè, wọ́n á já ẹrù rẹ̀ sínú bájì, ọkọ̀ kékeré alágbára á sì fa bájì náà gba ojú ọ̀sà wá sí ibi tí wọ́n á ti kó ẹrù náà gòkè.

Kí ló dé tí Èkó fi nílò irú èbúté bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó á rántí ọdún 1975. Owó epo ti pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon. Wọ́n fẹ́ kọ́ bárékè, wọ́n fẹ́ kọ́ afárá, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé. Wọ́n wá ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì láti òkè òkun, iléeṣẹ́ ètò ààbò nìkan ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì ni wáàfù Èkó lè gbà lọ́dún kan. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, ọkọ̀ tó lé ní 400 ló ti tò sójú òkun níwájú Èkó, sìmẹ́ǹtì ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Nàìjíríà sì ń san owó ìdádúró fún wọn lójoojúmọ́. Gowon fúnra rẹ̀ ti kúrò lórí àlééfà lóṣù keje ọdún náà. Sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ṣì wà lórí omi.

Ọ̀fọ̀ yẹn ló mú kí ìjọba sáré kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí lóṣù kẹwàá ọdún 1977, ìdí kan náà ló sì bí àwọn èbúté láítà ti Kírìkírì. Nítorí náà, tí ẹ bá rí bájì nínú fọ́tò 1984, ẹ mọ̀ pé ọmọ ìyà 1975 ni.

Orí òrùlé ilé ìkẹ́rùsí kan ni ẹ̀gbọ́n mi dúró sí. Fọ́tò kìíní kọjú sí Ajégúnlẹ̀: páànù lórí páànù títí ojú fi rẹ̀ ẹ́. Àwọn tó sọ ibẹ̀ lórúkọ ní ibẹ̀ ni Ajé gúnlẹ̀ sí. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló mọ bí Ajé ṣe ń ṣe sí wọn. Fọ́tò kejì àti ẹ̀kẹta jẹ́ ti ilé ìkẹ́rùsí àti bájì. Ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún jẹ́ ti omi ọ̀sà. Ẹ̀kẹfà fi igbó ẹ̀gbà parí rẹ̀, níbi tí omi náà ti gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ. Kò yí kámẹ́rà sí ẹ̀yìn, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kírìkírì wà. Ayé ológun la wà ní 1984. Akọ̀wé táálì tó bá ń ya ọgbà ẹ̀wọ̀n ní fọ́tò lè di ẹni tí wọ́n ń kà ní táálì nínú ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ló kọ́kọ́ ronú irú nǹkan yìí. Ní ọdún 1787, ayàwòrán kan tó jẹ́ ọmọ Ireland, Robert Barker, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí ọ̀nà tó gbà ń ya àwòrán tó yí ènìyàn ká pátápátá. Òun ni pánórámà tó di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ti wá. Ní 1793, ó ṣí ilé róbótó kan sí Leicester Square ní London. Èèyàn á sanwó, á wọlé, á dúró láàárín, á wá rí ìlú tàbí ogun lójú ògiri yíká ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí kámẹ́rà dé ní 1839, kò pẹ́ tí àwọn afọ́tò fi rí i pé lẹ́ǹsì kan ò lè gba gbogbo ìlú, ni wọ́n bá ń to fọ́tò mọ́ ara wọn. Ní 1878, Eadweard Muybridge gun òkè kan ní San Francisco, ó ya àwo dígí ńláńlá 13 yíká, ó sì tò wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ wákàtí ló fi ṣiṣẹ́ náà, òòrùn sì ń rìn, nítorí náà òjìji inú àwo kan ò bá ti èkejì mu tán. Ní 1906, ilẹ̀ mì ní ìlú náà, iná tẹ̀lé e, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà nínú àwo yẹn sì run. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ òpópónà tó wà níbẹ̀ kí iná tó jó o, àwo Muybridge ló ń lọ wò.

Àwa náà ní afọ́tò láyé ìgbà yẹn o. Neils Walwin Holm, ọmọ tí wọ́n bí ní Accra, ṣí ilé fọ́tò sí Èkó kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀. Herzekiah Shanu, ọmọ Ọ̀tà, ya fọ́tò títí dé Boma ní Kóńgò. Kámẹ́rà kì í ṣe àlejò lọ́wọ́ wa. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé lónìí, ẹni tó wà nílé rẹ̀ ní Èkó lè fi kọ̀ǹpútà àlòkù àti ètò tí kò ná an ní kọ́bọ̀ so fọ́tò pọ̀ bí ẹni pé ojú kan ló rí gbogbo rẹ̀.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ ibi tí fọ́tò kan ti pàdé èkejì? Ẹ wo òrùlé Ajégúnlẹ̀ nínú fọ́tò kìíní. Ẹni tó bá ń kan páànù kì í fi etí páànù kan gbe etí èkejì kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbé ẹnu ọ̀kan lé èkejì lórí. Ẹni tí kò mọ̀ á sọ pé ó ń fi páànù ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná! Ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn yẹn ni agbára òrùlé wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fọ́tò. Ìdá mẹ́ta fọ́tò kan, ó kéré tán ìdá márùn-ún rẹ̀, gbọ́dọ̀ tún hàn nínú èyí tó kàn.

Kọ̀ǹpútà á wá inú apá tó hàn nínú méjèèjì fún àwọn ibi tó dá yàtọ̀: igun fèrèsé, orí òpó, ibi tí páànù dúdú ti pàdé funfun. Ní 1999, David Lowe, ní Yunifásítì British Columbia ní Kánádà, fi ọ̀nà kan hàn tí a lè fi ṣàpèjúwe irú ibi bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, tó fi jẹ́ pé bí fọ́tò náà bá dojú kọ ẹ̀gbẹ́, tàbí tó tóbi sí i, tàbí tó kéré sí i, kọ̀ǹpútà á ṣì dá a mọ̀. Tí ó bá ti rí bíi ogún ibi tó jọra nínú fọ́tò méjèèjì, ó á yẹ̀ wọ́n wò, á ju àwọn tó parọ́ nù, á sì fi ìyókù ṣírò bí kámẹ́rà ṣe yí láàárín èkíní sí èkejì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ṣé ẹ ò rántí nǹkan kan? Ọdún mélòó ni mo fi kígbe mọ́ yín ní kíláàsì pé ẹlẹ́rìí kan ò tó? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé àwọn òyìnbó ajẹ́lẹ̀ sọ tirẹ̀, àrọ̀bá sọ tirẹ̀, a wá ń wá ibi tí méjèèjì ti pàdé. Àtúnwí tó ń sú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn ni gbogbo ìdí iṣẹ́ náà. Tí a bá da fọ́tò márùn-ún nù, ká fi ọ̀kan tó dáa jù sílẹ̀, a ti tú òrùlé nìyẹn.

Orúkọ ètò tí mo lò ni Hugin. Ìtàn tirẹ̀ náà dùn ún gbọ́. Ní 1998, Helmut Dersch, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Furtwangen ní Jámánì, gbé àwọn irinṣẹ́ kan tó pè ní Panorama Tools síta fún gbogbo ayé. Iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ iPIX ní ó tẹ ẹ̀tọ́ tí ìjọba fún àwọn lójú, wọ́n fi ẹjọ́ halẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì yọ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Ká ní ọjà ìkọ̀kọ̀ ni, ibẹ̀ ló máa kú sí. Ṣùgbọ́n ó ti fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn pé ẹnikẹ́ni lè kà á, lè tún un ṣe, lè pín in, kìkì pé kí òun náà má ṣe ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn míì gbé e. Ní 2003, Pablo d'Angelo bẹ̀rẹ̀ Hugin lórí ìpìlẹ̀ náà, ó di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n ṣì ń tọ́jú rẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọ̀fẹ́ àti òmìnira, ó sì máa ń dà wọ́n láàmú. Yorùbá ò ní wàhálà yẹn. Hugin jẹ́ ọ̀fẹ́ nítorí n kò san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n òmìnira rẹ̀ ló jẹ́ kó wà láàyè. Èmi tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, tí owó náà ń wá nígbà tó bá wù ú, mo mọyì méjèèjì. Wọ́n fún un ní orúkọ ọ̀kan nínú ẹyẹ ìwò méjì tí àwọn ará àríwá Yúróòpù àtijọ́ gbà pé ó ń fò yí ayé ká fún òrìṣà wọn Odin, tí wọ́n sì ń padà wá ròyìn. Huginn ni Èrò, Muninn ni Ìrántí. Ọ̀rọ̀ Ìrántí ṣì ń bọ̀ níwájú.

Mo skáànì fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Fọ́tò ayé kámẹ́rà fíìmù ò ní àkọsílẹ̀ lẹ́ǹsì nínú bíi ti fóònù òde òní, Hugin sì béèrè rẹ̀. Mo rántí kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́ǹsì 50mm ló wà níwájú rẹ̀; lórí fíìmù 35mm, irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ ń rí nǹkan bí 40 dígírì lẹ́ẹ̀kan. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i. Kọ̀ǹpútà wá àwọn ibi tó jọra fúnra rẹ̀ láàárín fọ́tò kìíní sí ẹ̀kẹrin. Láàárín ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún, ó kùnà, nítorí omi ló wà níbẹ̀, ìgbì omi kì í sì dúró de fọ́tò kejì. Mo ní láti fi máòsì tọ́ka sí i fúnra mi: orí òpó yìí níhìn-ín, òun náà nìyí lọ́hùn-ún, ẹ̀ka igi yìí, òun náà nìyẹn. Àṣálẹ́ méjì ni mo fi ṣe é, ìyá àwọn ọmọ mi sì ń béèrè bóyá mo fẹ́ jẹun.

Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn, àwòrán gbalaja kan jáde, tó gba ìdajì ayé: láti Ajégúnlẹ̀ dé igbó ẹ̀gbà, láìsí ibi tí ojú ti lè rí àpá. Mo pariwo. Ká sòótọ́, omi bọ́ lójú mi, nítorí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi rí ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo ń rí.

Ṣé òun ni mo ń rí lóòótọ́? Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ta mí lólobó ni etí wáàfù. Mo mọ etí wáàfù yẹn. Ó tọ́ gbọọrọ bí ìlà inú ìwé. Nínú pánórámà mi, ó tẹ̀ bí ọrun. Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ́ ìdajì òbìrí sórí bébà pẹlẹbẹ, nǹkan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ èèpo ọsàn sórí tábìlì gbọ́dọ̀ ya á. Ẹ lè yan irú ìtẹ̀ tí ẹ fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò lè yan pé kó má sí. Lọ́jọ́ iwájú, ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí lè mú àwòrán mi, kó kọ sínú ìwé pé wáàfù Kírìkírì tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀.

Ohun kejì ló dùn mí jù. Nígbà tí a ń ṣe ìrántí ọdún kẹwàá ẹ̀gbọ́n mi, a tẹ pánórámà náà sórí báńnà gígùn, a fi kọ́ gbọ̀ngàn tí a lò ní Ajégúnlẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wá, ara wọn ti ń gbọ̀n, wọ́n ń tọ́ka: "Kréènì tó máa ń bàjẹ́ nìyí." "Ibi tí ìyá oníẹ̀wà máa ń jókòó sí nìyí." Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ti tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ó fi ìka tọ báńnà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó padà, ó tún tọ̀ ọ́.

Mo ní, "Ọmọ mi, kí lẹ̀ ń wá?"

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàsán sà. Bàbá mi ni. Lébìrà ni wọ́n níbí, ará Ìlàjẹ ni wọ́n. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé Ọ̀gá Táálì ya àwọn ní fọ́tò lórí bájì. Wọ́n ti kú láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. A ò ní fọ́tò wọn kankan nílé."

Mo sọ fún un, pẹ̀lú ìdánilójú ọ̀jọ̀gbọ́n, pé gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi yà ló wà lórí ògiri yẹn. Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Mo dìde, mo tú ẹnfilọ́ọ̀pù, mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo mú awò tí a fi ń wo nǹkan kéékèèké. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin náà wà níbẹ̀! Ní etí ọ̀tún fọ́tò kẹta, ó dúró lórí bájì láìwọ ẹ̀wù, fìlà lórí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan sókè sí ẹni tó ń yà á. Nínú fọ́tò kẹrin, bájì kan náà wà, okùn kan náà, ojú ibẹ̀ ṣófo. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó yí fíìmù, ọkùnrin náà ti padà sídìí iṣẹ́. Ẹ rántí pé ibi tí fọ́tò méjì ti gun ara wọn nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ní láti mú ọ̀kan. Ó wá ibi tí ojú ìránpọ̀ kò ní hàn, ó sì mú èyí tó ṣófo, nítorí òun ló bá ohun tó yí i ká mu jù. Kò burú sí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ojú àpá má hàn. Ẹni tó bá wà lójú àpá ló máa ń sọnù.

Mo jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣebí ohun tí mo ń ṣe nìyí fún ogójì ọdún? À ń so ẹ̀rí pọ̀, à ń fẹ́ kí orí ìwé dán, kí ìtàn máa ṣàn bí omi. Níbi tí ẹ̀rí méjì ti takò ara wọn, a mú èyí tó bá ìyókù mu, a yọ èkejì. Ta ló wà nínú èyí tí a yọ? Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe gómìnà. Lébìrà ni. Gómìnà máa ń dúró sójú kan kí wọ́n tó yà á.

Ní àárọ̀, mo padà sídìí Hugin. Ó ní ibì kan tí ẹ ti lè fi ìlà yí apá kan fọ́tò ká kí ẹ sọ pé, "Èyí kò gbọdọ̀ kúrò." Mo yí ọkùnrin náà ká. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó sì padà sórí bájì rẹ̀, ọwọ́ sókè. Ṣùgbọ́n mo ronú pé kí n má tún parọ́ míì. Pánórámà tuntun náà kì í ṣe ìṣẹ́jú kan ní Kírìkírì. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni mo rán pọ̀. Mo wá tẹ fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí abẹ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo so wọ́n, pé etí wáàfù kò tẹ̀, àti ibi tí ojú ìránpọ̀ gbà kọjá.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìdílé mi nìkan ni. Lóṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Màrókò. Lóṣù kejì ọdún 2013, katakata wọ Badia East, tí kò jìnnà sí Àpápá rárá. Ìlú tó wà létí omi Èkó lè wà ní àárọ̀ kó má sí mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á sì bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni pé, "Ẹ̀rí yín dà?" Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Makoko ní 2019. Ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lórí máàpù. Ẹgbẹ́ Code for Africa àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ máàpù OpenStreetMap kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò náà bí a ṣe ń darí drone. Wọ́n ya ibẹ̀ láti òkè, fọ́tò lórí fọ́tò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gun èyí tó kàn, wọ́n sì fi wọ́n ṣe máàpù. Ọgbọ́n páànù náà ni, tí wọ́n gbé lọ sójú ọ̀run. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló di ẹni tó ń fi ibẹ̀ hàn.

Nítorí náà, iṣẹ́ àmúrelé rèé. Ẹ̀yin ò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ lọ tú àpótí àwọn òbí yín. Tí ẹ bá rí fọ́tò tó jọra, ẹ má ṣe ju ọ̀kan nù. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ àti ibẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má lo bírò, ó máa ń là jáde. Ẹ skáànì í láìgé etí rẹ̀, nítorí etí ni ìsopọ̀ wà. Tí ẹ bá fẹ́ yà tuntun, ẹ dúró lójú kan, ẹ yí ara yín, ẹ má rìn. Tí ẹ bá ń rìn, ohun tó wà nítòsí á máa sáré kọjá lára ohun tó wà lókèèrè, ìsopọ̀ kò ní bọ́ sí i. Tí ẹ bá sì ti so ó tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú àwọn ti àkọ́kọ́. Èrò ló ń so nǹkan pọ̀. Ìrántí wà nínú ẹnfilọ́ọ̀pù.

Mo gbé fọ́tò kẹta lọ fún obìnrin yẹn ní Ajégúnlẹ̀, kì í ṣe báńnà, fọ́tò kékeré yẹn gan-an ni mo tún tẹ̀ fún un. Ó wò ó títí. Ó ní, "Wọ́n kéré sí mi báyìí, sà. Mo ti dàgbà jù wọ́n lọ." Lẹ́yìn náà ló pe àwọn ọmọ rẹ̀ jáde láti inú yàrá, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n wá kí bàbá wọn àgbà.

Ó dìgbà kan ná.